Bí Ọ̀gá Sylvanus Ṣe Fi Wúrà Kun Orí

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ẹ ti rí gbogbo ohun tó wà láyé tán, ẹ fìdí mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí n sọ ti Ọ̀gbẹ́ni Sylvanus Adéyẹyè fún yín. Òun ni ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ tí ìjọba ti ń tún katakátá àwọn àgbẹ̀ ṣe ní Ọ̀wọ̀, lọ́nà Ìkàrẹ́. Ọkùnrin náà sanra, orí rẹ̀ pá, ó sì ń dán. Bó bá ń bọ̀, ikùn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wọlé, agbádá yóò tẹ̀lé e, òun fúnra rẹ̀ yóò wá dé nígbà tó bá wù ú.

Ohun kan ṣoṣo ló ń wá lọ́dún 1989 yẹn. Dírẹ́kítọ̀ wọn ní Àkúrẹ́ fẹ́ fẹ̀yìn tì, àga rẹ̀ yóò ṣófo, Sylvanus sì ti pinnu pé ìdí òun ni yóò jókòó síbẹ̀. Ó ti ra àpótí aṣọ tuntun. Ó ti sọ fún Fúnmiọlá ìyàwó rẹ̀ pé kó má wulẹ̀ gbin ilá sí ẹ̀yìnkùlé mọ́, nítorí wọn kò ní sí ní Ọ̀wọ̀ nígbà tí ilá bá máa so. Fúnmiọlá dáhùn pé ó dáa, ó sì gbin ilá rẹ̀.

Ọ̀nà là fún un ní ìparí ọdún tó ṣáájú. Ìjọba rán an lọ sí ilẹ̀ Japan láti lọ wo bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń tọ́jú ibi iṣẹ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, kí ẹ má baà rò pé mo kàn fẹ́ bú èèyàn: ọgbọ́n tó rí lọ́hùn-ún dára. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣa ohun tí kò wúlò mọ́ kúrò nílẹ̀. Èyí tó kù, wọ́n á wá àyè fún un, wọ́n á sì fi ọ̀dà ya àwòrán irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sára pátákó tí wọ́n fi ń gbé e kọ́, kó jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá mú sípánà lọ, àwòrán rẹ̀ tó ṣófo ni yóò sọ fún gbogbo ayé pé sípánà kò sí nílé. Wọ́n á nu ilẹ̀, wọ́n á fa ìlà síbi tí ọkọ̀ ń gbà àti ibi tí èèyàn ń gbà, wọ́n á sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ láìyẹ̀. Ohun tó wà ńbẹ̀ nìyẹn. Ìyá olọ́mọ kan tó bá mọ ilé tọ́jú á gbọ́ ọ yé kó tó mu tíì rẹ̀ tán.

Ṣùgbọ́n Sylvanus kò lè gbé ohun kékeré bọ̀ láti òkèèrè. Ọjọ́ tó wọlé, ó kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sí gbangba àgbàlá, ó gbé ọwọ́ agbádá lé èjìká, ó sì bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ó ní, "mo ti rìn lókè ìkùukùu. Mo ti dé ibi tí oòrùn ti ń jí, kódà mo jí ṣáájú rẹ̀. Àwọn àgbààgbà ibẹ̀ wò mí lójú, wọ́n tẹrí ba, èmi náà tẹrí ba, wọ́n tún tẹrí ba. Ẹni tó bá ti rí mi tẹ́lẹ̀ kó gbàgbé rẹ̀, nítorí èmi tó lọ kọ́ ló dé."

Láníyì, olórí àwọn tó ń tọ́jú ilé ẹrù, ti yọ áńkáṣíìfù. Ọkùnrin yìí mọ ẹkún sun jù bí ẹ ti rò lọ. Ó lè sun ún láti ojú kan ṣoṣo bó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan ni ọ̀gá wà. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, òun kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó kún báyìí rí, ó sì ń bẹ ọ̀gá pé kó tún ibi ìkùukùu yẹn sọ. Ọ̀gá tún un sọ.

Oṣù àkọ́kọ́ dùn púpọ̀. Wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì kan tó ti kú jáde, èyí tí adìyẹ ti ń pamọ nínú rẹ̀ láti ìgbà ìjọba alágbádá. Wọ́n rí jáàkì tí wọ́n ti tìtorí rẹ̀ pe àwọn àgbẹ̀ abúlé Upenmen ní olè, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wà. Pátákó irinṣẹ́ dúró gbọnyin lára ògiri, katakátá sì ń wọlé ó ń jáde. Ká ní Sylvanus dúró síbẹ̀ ni, à bá ti máa pè é ní Dírẹ́kítọ̀ lónìí, èmi náà ì bá sì ti wá nǹkan mìíràn sọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ó wọ inú ilé iṣẹ́, ó rí àwòrán sípánà kan tó ṣófo lára pátákó. Ẹnì kan ti mú sípánà lọ síbi iṣẹ́, èyí tí í ṣe ohun tí Ọlọ́run àti àwọn ará Japan dá sípánà fún. Ṣùgbọ́n ó dun Sylvanus. Ó bi Láníyì pé irú ihò wo rèé.

"Ó ń ba ojú jẹ́, sà," ni Láníyì wí. "Bí ẹni pé eyín ká lẹ́nu ìyàwó tuntun."

Láti ọjọ́ náà, òfin dé pé kí àwòrán kankan má ṣe ṣófo mọ́. Kí sípánà wà ní àyè rẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Ẹ lè béèrè pé kí wá ni wọ́n ó máa fi tún ọkọ̀ ṣe? Ẹ̀yin nìkan kọ́. Bàbá Ọlámúyìwá, tó jẹ́ àgbà àwọn mẹkáníìkì, béèrè bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ọ̀gá sì dá a lóhùn pé kó máa lo làákàyè. Bàbá lo làákàyè lóòótọ́. Lọ́jọ́ kejì, òun àti àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ gbé irinṣẹ́ tara wọn wá láti ilé, wọ́n fi í pamọ́ sínú àpò ṣòkòtò àti ìsàlẹ̀ abọ́ oúnjẹ, wọ́n sì ń tún katakátá ṣe ní bòókẹ́lẹ́, bí àwọn ọmọ iléèwé tó ń jẹ ẹ̀pà ní kíláàsì. Iṣẹ́ wá ń falẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ Idogun tó gbé katakátá wọn wá sílẹ̀ de òjò ṣì ń pààrà.

Sylvanus kò gbọ́ èyí. Ó ti rí ọ̀dà, kò sì lè fi í sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n ya àwòrán ife tíì rẹ̀ sórí tábìlì, kí wọ́n ya ti aago rẹ̀, kí wọ́n ya ti gíláàsì ojú rẹ̀. Ní àárín gbangba àgbàlá, ó ní kí wọ́n fi ọ̀dà wúrà ya ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sórí sìmẹ́ńtì, ibẹ̀ ni yóò sì dúró láràárọ̀ láti béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe. Gbogbo wọn á pariwo pé: "Ṣà á, tò ó, nù ún, ṣọ́ ọ, má jù ú sílẹ̀." Láníyì máa ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Fìlà ló wá kẹ́yìn, fìlà ló sì burú jù. Ọ̀gá ní ibi iṣẹ́ tó bá létò, ojú kan péré ló yẹ kí àlejò fi wò ó kó tó mọ ẹni tí ẹnìkọ̀ọ̀kan jẹ́. Ó rán fìlà fún gbogbo wọn nígbà ọyẹ́: pupa fún àwọn olórí ẹ̀ka, búlúù fún mẹkáníìkì, funfun fún àwọn tó ń gbálẹ̀ àti Boniface ará Àkókó tó ń ṣọ́ géètì. Ti òun nìkan ni wúrà. Ó wá ṣòfin pé ẹni tí kò bá dé fìlà, wọn kò rí i. Kí ẹnikẹ́ni má kí i, kí wọ́n má dá a lóhùn, kí Boniface má ṣílẹ̀kùn fún un. Boniface kì í fi òfin ṣeré. Ọjọ́ tí Fúnmiọlá gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún ọkọ rẹ̀, ó kí Boniface títí ó fi sú u, ìyẹn ń wo òkè bí ẹni pé atẹ́gùn ló ń sọ̀rọ̀. Ebi pa ọ̀gá lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn sí Boniface.

Ní ìparí oṣù Kẹjọ, ìròyìn dé láti Àkúrẹ́. Kọmíṣọ́nà fúnra rẹ̀ ń bọ̀ wá wo ilé iṣẹ́ tí gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ohun tó rí bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, Sylvanus ni yóò gba àga náà. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọkùnrin kan wà ní Adó tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kan náà, tó sì ń retí. Ọ̀gá kò lè jókòó. Ó ń rìn yípo àwòrán ẹsẹ̀ rẹ̀.

Monica, akọ̀wé ọ́fíìsì rẹ̀, ló wọlé wá bá a. Obìnrin Ọ̀wọ̀ ni, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

"Ẹ jọ̀wọ́ sà," ó ní, "ọjọ́ tí wọ́n mú yẹn, inú ọdún Ìgógó ló bọ́ sí."

Sylvanus dá ìrìn dúró. Ó mọ ohun tó ń sọ, gbogbo ọmọ Ọ̀wọ̀ ló mọ̀ ọ́n. Bí ọdún ìlú wọn yìí bá ti wọlé, ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè, ẹnikẹ́ni kì í lu ìlù nílùú, agogo nìkan ni wọ́n ń lù. Àfi àlejò tí kò ní ẹni tó máa kìlọ̀ fún un ló lè ṣèèṣì. Ìlú yẹn ni wọ́n bí Sylvanus sí, ibẹ̀ ló ti fi orí ṣófo ṣe Ìgógó láti kékeré. Ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́ tó ń rán fìlà, Àkúrẹ́ lọkàn rẹ̀ wà.

Monica ní kó rọrùn, kí wọ́n fi fìlà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí kálukú lẹ káàdì mọ́ àyà. Ọ̀gá ní káàdì ni ọkùnrin Adó ń lò, òun kò lè máa ṣe bí ọkùnrin Adó. Monica ní kí wọ́n bẹ kọmíṣọ́nà kó sún ọjọ́ síwájú. Ọ̀gá ní ẹni tó ń wá àga kì í ní kí àga dúró de òun. Ó ronú, ó tún ronú, ojú rẹ̀ wá mọ́lẹ̀ lójijì, ẹ̀rù sì ba Monica.

"Fìlà ni wọ́n ní ká má dé," ó ní. "Kò sẹ́ni tó ní ká má kun orí."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má bínú sí mi. Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n lọ ra osùn fún àwọn olórí ẹ̀ka. Wọ́n ra ẹfun fún àwọn tó ń gbálẹ̀. Wọ́n ra búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun fún àwọn mẹkáníìkì. Fún ti ara rẹ̀, Sylvanus fẹ́ lo ọ̀dà wúrà gan-an, Monica ló bẹ̀ ẹ́ pé yóò bó o lórí, wọ́n sì gbà láti po lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ wúrà mọ́ òrí kí ó lè dán dáadáa. Láníyì gbóríyìn fún un pé bí Ọlọ́run bá mọ̀ pé ọgbọ́n báyìí wà ni, kò ní wulẹ̀ dá irun.

Bàbá Ọlámúyìwá nìkan ló lọ sí ọ́fíìsì lọ bá a.

"Ọ̀gá," ó ní, "mo mọ bàbá yín. Ẹ fẹ́ fi búlúù kun orí mi, èmi tí mo lọ́mọ ọmọ?"

Sylvanus ní orí náà kì í ṣe ti Bàbá mọ́ bó bá ti wọ géètì, ti ìjọba ni. Bàbá wò ó títí, àánú rẹ̀ sì ṣe é díẹ̀. Ó gbà. Ó ní kí wọ́n ṣáà má jẹ́ kó kan irùngbọ̀n òun.

Ọjọ́ pé. Láníyì ti jí dé ilé iṣẹ́ láti rí i pé àwòrán kankan kò ṣófo. Kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má baà yá, ó fi wáyà de gbogbo irinṣẹ́ mọ́ pátákó, ó sì fi ọ̀dà kun wáyà náà kó má baà hàn. Àwọn òṣìṣẹ́ tò sórí ìlà wọn ní gbangba àgbàlá: orí pupa, orí búlúù, orí funfun. Níwájú gbogbo wọn, Sylvanus dúró lórí àwòrán ẹsẹ̀ rẹ̀, orí rẹ̀ ń tàn débi pé awakọ̀ kan tó ń lọ sí Ìkàrẹ́ dúró láti béèrè bóyá ṣọ́ọ̀ṣì tuntun ni.

Kọmíṣọ́nà dé. Ọmọ Èkìtì ni, ó tín-ín-rín, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ti ṣí fìlà rẹ̀ láti Ẹmùrẹ́-Ilé nítorí Ìgógó, ó sì mú un lọ́wọ́. Ó wo orí pupa, ó wo orí búlúù. Ó wo wúrà fún ìgbà pípẹ́. Ó béèrè lọ́wọ́ Monica, ní ohùn jẹ́jẹ́, bóyá èyí náà wà lára Ìgógó. Monica wo ilẹ̀.

Sylvanus kò gbọ́, nítorí ó ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìkíni. Ó kí kọmíṣọ́nà, ó kí ìjọba, ó kí oòrùn tí òun jí ṣáájú rẹ̀ ní ilẹ̀ Japan. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí ìkùukùu nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án ni, ẹ rántí. Òjò náà kò kọ́kọ́ kán, ńṣe ló dà.

Kọmíṣọ́nà sá sábẹ́ òrùlé. Àwọn òṣìṣẹ́ wo ọ̀gá, ọ̀gá kò kúrò lójú kan, àwọn náà kò lè kúrò. Osùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Búlúù ṣàn pàdé rẹ̀. Ẹfun dà sínú méjèèjì. Láìpẹ́, kò sẹ́ni tó mọ olórí ẹ̀ka yàtọ̀ sí agbálẹ̀ mọ́, gbogbo wọn di àwọ̀ kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀. Ti ọ̀gá ló burú jù. Òrí àti lẹ́búlẹ́bú wúrà yọ́ bọ̀ láti àtàrí, ó gba iwájú orí, ó sì wọ inú ojú rẹ̀ méjèèjì. Sylvanus di ojú pinpin, ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

Àwọn àgbẹ̀ Idogun tí wọ́n tún wá béèrè katakátá wọn lọ́jọ́ náà wà lábẹ́ òrùlé. Kọmíṣọ́nà bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń dúró dè. Wọ́n sọ fún un pé àgbàdo àkọ́kọ́ ti kọjá, èkejì náà ti ń kọjá lọ. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní kí wọ́n tan katakátá náà kí òun rí i. Bàbá Ọlámúyìwá kúrò lórí ìlà rẹ̀, ó ní kò ṣòro, nọ́ọ̀tì bátìrì kan ló kù kí wọ́n fún le. Kọmíṣọ́nà wá tọ́ka sí pátákó tó kún fún irinṣẹ́, ó ní kí wọ́n mú sípánà níbẹ̀.

Bàbá fa sípánà, kò wá. Ó ní kí àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ bá òun fà á. Wọ́n fà á pọ̀, wáyà Láníyì kò já, pátákó lódindi ló kúrò lára ògiri tó ṣubú lulẹ̀, ariwo rẹ̀ borí ti òjò. Láníyì kò sí níbẹ̀ mọ́. Inú ilé ẹrù ló wà, ó ń nu orí.

Bàbá Ọlámúyìwá mí kanlẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò, ó yọ sípánà tirẹ̀ jáde. Ẹnì kan yọ púláyà láti inú ìbọ̀sẹ̀. Monica ṣí báàgì ọwọ́ rẹ̀, ó nawọ́ síkúrúdíráfà sí wọn. Nọ́ọ̀tì fún, katakátá ké, àwọn ará Idogun pàtẹ́wọ́.

"Níbo lẹ ti rí ìyẹn tí ẹ fi ṣe é?" ni kọmíṣọ́nà béèrè.

"Láti ilé wa ni, sà."

"Àwọn tí ìjọba rà wá ńkọ́?"

Bàbá Ọlámúyìwá wo pátákó nílẹ̀. "Ìyẹn wà fún wíwò, sà," ó ní.

Sylvanus gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì àti àtẹ́wọ́. Ó rò pé òun ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè nínú òjò, ó béèrè bóyá kọmíṣọ́nà ti rí i báyìí pé kò sí irú ilé iṣẹ́ yìí níbòmíràn. Kọmíṣọ́nà rìn jáde wá bá a, òjò ń pa á.

"Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹyè," ó ní, "ẹ la ojú yín."

"Mi ò lè là á, sà," ni Sylvanus dáhùn. "Wúrà ló wà níbẹ̀."

Ọmọ Èkìtì tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ yìí wá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ara ọkọ̀ rẹ̀ mú. Àwọn òṣìṣẹ́ náà kò lè pa á mọ́ra mọ́. Boniface pàápàá rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn tó ti kọ́kọ́ wo apá ọ̀dọ̀ ọ̀gá pé bóyá òfin wà.

Ọkùnrin Adó ló gba àga. Ọ̀gá tuntun dé sí Ọ̀wọ̀, ó já wáyà, ó gbé pátákó padà sára ògiri, ó sì fi àwọn àwòrán náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Láàárọ̀, wọn a ṣófo, nírọ̀lẹ́, wọn a kún, iṣẹ́ sì ń lọ. Láníyì sunkún nígbà tí ọ̀gá tuntun sọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ó ní òun kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Wọ́n gbé Sylvanus lọ sí Okeluse, sí ibùdó ìjọba kan tí katakátá rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju ẹyọ kan lọ, òun náà sì ni. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà nínú agbádá, ó ń retí ẹni tó máa kí i. Alángbá ló ń kọjá. Inú rẹ̀ bàjẹ́ gan-an, kò sí irọ́ níbẹ̀, oúnjẹ kò tilẹ̀ lọ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó sú u, ó bọ́ agbádá sílẹ̀, ó ṣí ẹ́ńjìnnì katakátá náà wò. Ẹ kò ní mọ̀, òun náà sì ti gbàgbé, pé iṣẹ́ mẹkáníìkì ló kọ́ nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ rántí kí òun fúnra rẹ̀ tó rántí. Ó ṣa irin tó ti bàjẹ́ sọ́tọ̀, ó to èyí tó dára sórí àpò, ó nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì pariwo rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ katakátá náà lọ́jọ́ tí àgbẹ̀ obìnrin kan tó ń jẹ́ Àbẹ̀ẹ́bí wá láti oko ẹ̀gẹ́. Ẹsẹ̀ méjì tó dúdú fún epo ọkọ̀ nìkan ni Àbẹ̀ẹ́bí rí. Ó kí ẹsẹ̀ náà pé ó kú iṣẹ́, ó sì ní kó bá òun pe ọ̀gá wọn.

Sylvanus rọra gbé sípánà sílẹ̀ lábẹ́ ibẹ̀.

"Ọ̀gá ti rìnrìn-àjò, màmá," ó ní. "Kí lẹ fẹ́ kí n bá yín ṣe?"

Àbẹ̀ẹ́bí ní inú òun dùn bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n ti sọ fún òun pé ọ̀gá yẹn kò ṣe é bá sọ̀rọ̀. Sylvanus ní òótọ́ ni, òun náà bá a ṣiṣẹ́ pẹ́.